Ẹ Má Yọ "Àlùfáà" Kúrò Lára Pátákó: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ Kan ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ o, ẹ sì kú ìnáwó. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ tún pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kọ, àti pé níbi tí "Àlùfáà Ìjọ" wà láti ọjọ́ pípẹ́, "Pásítọ̀" ni ẹ ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ síbẹ̀. Wọ́n ní orí lẹ́tà àti ìwé ètò ìsìn ni yóò tẹ̀ lé e. Ìdí tí ẹ sọ ni pé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni "àlùfáà", kò sì yẹ ilé Kristi.

Pátákó yín ni, owó yín sì ni. Ìdí tí ẹ sọ yẹn nìkan ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlàjì òótọ́ náà dé òpin, ẹ ó bá ara yín níbi tí ẹ kò fẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà fún yín níbi tí ẹ ti jàre. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọmọ bíbí ilé. Alfa ni oyè tí àwọn Songhay fi ń pe ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ìlú bíi Timbuktu, ní ilẹ̀ Mali òde òní. Àwọn Fúlàní Futa Jalon, ní ilẹ̀ Guinea òde òní, náà lò ó. Àní ẹni tó ṣe olórí wọn nígbà tí wọ́n dá ìjọba ẹ̀sìn sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Karamoko Alfa ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ kan so ó mọ́ al-faqīh ti èdè Lárúbáwá, ìyẹn ẹni tó mọ òfin ẹ̀sìn dunjú. Bó ṣe dé ẹnu wa ni ó di àlùfáà. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí l àti f fara kanra, ó ní láti fi fáwẹ̀lì kan là wọ́n. U ni ó bọ́ síbẹ̀ nítorí pé ètè ni a fi ń pe f. Ìdí kan náà ni búrẹ́dì fi gba u lẹ́yìn b, tó sì gba i lẹ́yìn d. Ohùn rẹ̀ sì jẹ́ dò-dò-mí-dò. Ẹni tó bá ń sáré pè é á gbé l mì, ó di ààfáà. Ẹ dúró ní Ọjà'ba lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ó gbọ́ "Ààfáà, ẹ kú Jímọ̀." Ẹ gba Kúdẹtì kọjá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó gbọ́ "Àlùfáà ti dé orí àga ìwàásù." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìlú ló fi l kan ṣoṣo pín in fún ẹ̀sìn méjì, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣi wọ́n gbọ́.

Ẹ̀rí tún wà pé ó ti wà lẹ́nu Yorùbá kí míṣọ́nnárì kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa. Thomas Birch Freeman, àkọ́kọ́ nínú wọn, dé Àgbádárìgì ní September 1842. Ṣùgbọ́n ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ní ẹrú, alufá ni àwọn Nàgó (bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀) tó jẹ́ Mùsùlùmí ń pe olùkọ́ ẹ̀sìn wọn. Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà nídìí ọ̀tẹ̀ ẹrú tó bẹ́ sílẹ̀ ní Salvador ní January 1835, èyí tí ìtàn ń pè ní ọ̀tẹ̀ Malê, ìyẹn ìmàle tiwa yìí náà. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ sọdá òkun nínú ọkọ̀ ẹrú, ilé ló ti gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ jàre: ọwọ́ Mùsùlùmí ni a ti gbà á. Ó ku ìlàjì kejì, pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé Kristi.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jókòó ti Bíbélì Yorùbá, tí ìwé Róòmù jáde ní 1850, tí odindi rẹ̀ sì parí ní 1884, iṣẹ́ ẹnì kan wà nínú Májẹ̀mú Láéláé tí wọn kò lè fò kọjá. Hébérù ń pè é ní kohen. Ó ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹran sí pẹpẹ, ó ń sun tùràrí, ó ń súre fún àwọn èèyàn, ó ń wo ara adẹ́tẹ̀ bóyá ó ti mọ́. Kí ni Yorùbá máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Wọn kò ṣàìní ọ̀rọ̀. Àwòrò wà. Abọrẹ̀ wà. Ní Ìbàdàn níbí, Abọkẹ̀ wà, ẹni tó ń bọ Òkè'bàdàn tó sì ń súre fún ìlú lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni a ó wò, Abọkẹ̀ sún mọ́ kohen ju ààfáà lọ fíìfíì: ẹran wà níbẹ̀, ojúbọ wà, ìdílé wà tí oyè náà ń ti inú rẹ̀ jáde bíi ti ìdílé Áárónì. Ààfáà kò ní pẹpẹ. Ìwé ló ń kà, àdúrà ló ń ṣe, ọmọ ilé kéwú ló ń kọ́. Síbẹ̀, orúkọ àwọn tó kù so mọ́ ohun tí wọ́n ń bọ. Bí o bá ní "àwòrò", ohun tí Yorùbá máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni "Àwòrò ta ni?" Àwòrò Ọ̀ṣun ni, àbí ti òrìṣà mìíràn? Òkè wà nínú orúkọ Abọkẹ̀ fúnra rẹ̀. Àlùfáà nìkan ni kò fa òrìṣà kankan lẹ́yìn, tí gbogbo ìlú sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ ẹni tó ń sin Ọlọ́run kan ṣoṣo tó sì mọ ìwé. Bí àwa ṣe rí i nìyẹn: àwọn atúmọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n mú èyí tó sún mọ́ Ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n sì ti mú un, wọn kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹni rere. Melikísédékì nínú Jẹ́nẹ́sísì 14, àlùfáà. Àwọn tó ń sin Báálì tí Jéhù pa nínú Àwọn Ọba Kejì orí 10, àlùfáà. Ẹni tó kó màlúù àti òdòdó wá láti fi rúbọ sí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ní Lísírà, Ìṣe àwọn Àpóstélì 14, àlùfáà Júpítérì ni. Nítorí náà Bíbélì fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe oríkì fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ iṣẹ́ ni.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bí ẹ bá lé àlùfáà jáde nítorí ilé tó ti wá, ẹ múra láti lé àdúrà jáde pẹ̀lú, nítorí ad-du'ā ni. Ẹ lé ìwàásù jáde, torí wa'ẓ ni. Ẹ lé àlàáfíà, al-'āfiya ni. Kèfèrí tí a fi ń bú àwọn mìíràn, kāfir ni, Mùsùlùmí ló sì kọ́kọ́ lò ó fún ẹni tí kò gba ẹ̀sìn tirẹ̀ gbọ́. Wòlíì ni èyí tó dùn jù nínú gbogbo wọn. Ní Lárúbáwá, walī ni ọ̀rẹ́ Ọlọ́run, ẹni mímọ́. Ẹni tí Bíbélì ń pè ní wòlíì, nabī ni Lárúbáwá ń pè é, òun sì ni àwọn Mùsùlùmí wa fi ń wí pé Ànábì. Àwọn atúmọ̀ fi Ànábì sílẹ̀ fún wọn, wọ́n mú walī, wọ́n gbé iṣẹ́ nabī lé e lórí. Lónìí, bí ẹnì kan bá pariwo "Wòlíì!" lójú títì Bẹẹrẹ, ta ni ẹ ó bojú wẹ̀yìn wò? Aláṣọ funfun tó mú agogo dání ni. Mùsùlùmí kankan kò ní wẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ọmọ ilé nìyẹn. Kì í jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún gbé "Pásítọ̀" wò. Látìnì ni, ó sì túmọ̀ sí ẹni tó ń da ẹran jẹ. Bíbélì wa ní tirẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, nínú Éfésù 4:11: olùṣọ́-àgùntàn. Ọ̀rọ̀ rere ni, kò sí ẹni tó ní kó má sí nínú ìjọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò lè gba iṣẹ́ àlùfáà ṣe. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ ṣí Léfítíkù orí 13, kí ẹ fi pásítọ̀ rọ́pò àlùfáà, kí ẹ sì kà á sókè. Ọkùnrin kan rí àbàwọ́n funfun lára rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀. Pásítọ̀ wo irun tó wà lójú àbàwọ́n náà bóyá ó ti funfun. Kò tíì funfun. Pásítọ̀ sé ọkùnrin náà mọ́lé fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, pásítọ̀ tún wò ó. Bí kò bá tíì ràn, pásítọ̀ á tún sé e mọ́lé fún ọjọ́ méje mìíràn. Kí ẹ tó dé ìparí orí náà, gbogbo ìjọ á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ pásítọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ wá dé Lúùkù 5:14, níbi tí Jésù ti ní kí adẹ́tẹ̀ tó wò sàn lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà. Bí ọ̀rọ̀ orí pátákó bá yàtọ̀ sí ti inú Bíbélì, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó bá ka èkejì kò ní mọ̀ pé ohun kan náà ló ń kà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ tàn yín jẹ. Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n lè fi kan "àlùfáà" tó lágbára ju ti Mùsùlùmí lọ, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ nínú ìpàdé yín. Òun nìyí.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní priest. Èkíní ni hiereus, ẹni tó ń ṣe ohun mímọ́, tó ń rúbọ. Òun ni kohen ti Hébérù. Èkejì ni presbyteros, tí kò ju "ẹni tó dàgbà jù" lọ. Láti inú presbyteros yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ti gé priest, bí ẹni gé igi tó pọ̀ ju àdá lọ, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe hiereus pẹ̀lú. Bíbélì Yorùbá là wọ́n dáadáa, ó sì tún ṣe é ju Gẹ̀ẹ́sì lọ níbí: hiereus di àlùfáà, presbyteros di alàgbà. Ẹ lọ wò ó nínú Títù 1:5, alàgbà ni Pọ́ọ̀lù ní kí Títù yàn ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní ẹsẹ keje ó pe ẹni kan náà ní bíṣọ́ọ̀bù. Nínú Ìṣe 20 pẹ̀lú, ó ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà ìjọ Éfésù ní ẹsẹ 17, nígbà tó di ẹsẹ 28 ó ti ń pè wọ́n ní alábòójútó. Alábòójútó yẹn gan-an ni episkopos, epi jẹ́ "lórí", skopos jẹ́ "ẹni tó ń wò". Látìnì gbà á ní episcopus, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì já e iwájú àti us ẹ̀yìn sọ nù, ó di bisceop, ó di bishop, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, kò sí ibì kan tí wọ́n ti pe òṣìṣẹ́ ìjọ ní hiereus. Àwọn àlùfáà Júù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti ti Júpítérì, àti Jésù fúnra rẹ̀ nínú ìwé Hébérù, àti gbogbo onígbàgbọ́ lápapọ̀ nínú Ìfihàn 1:6. Àárín àwọn Kristẹni ìgbà tó tẹ̀ lé e ni orúkọ náà ti yí padà. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ní bíi ọdún 200, ti ń pe bíṣọ́ọ̀bù ní olórí àlùfáà lédè Látìnì. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage tí wọ́n pa ní 258, lò ó fún bíṣọ́ọ̀bù láìṣiyèméjì rárá, nítorí bíṣọ́ọ̀bù ló ń dúró nídìí tábìlì Oúnjẹ Olúwa. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn alàgbà tó ń dúró níbẹ̀ nípò bíṣọ́ọ̀bù. Carthage yìí, ilẹ̀ Tùnísíà òde òní ni. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kó oyè náà wá, kó tún máàpù Áfíríkà yẹ̀ wò.

Nítorí náà, tí ẹnì kan nínú yín bá dìde tó ní, "Àlùfáà wa nínú ìwé ìfijoyè, alàgbà ni nínú Bíbélì," òótọ́ ló sọ, ẹ má bá a jà. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti da méjèèjì pọ̀ ni Ìwé Àdúrà Áńgílíkà wa ti bá a dà á pọ̀. Àmọ́ ẹ kò lè tún un ṣe pẹ̀lú "alàgbà" mọ́, torí alàgbà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́: òun ni bàbá tó wọ agbádá jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́wọ́ lé lórí rí ju ọjọ́ tó gba ìgbọ́wọ́lé lọ. Bí ẹ bá kọ "Alàgbà Lágbájá" sórí pátákó, gbogbo Ìbàdàn á rò pé wọ́n ti gba ìjọ lọ́wọ́ Ẹni-Ọ̀wọ̀.

Ohun tó ṣe kókó jù fún ìgbìmọ̀ ìjọ rèé. "Àlùfáà" ń sọ ohun tí ẹni náà lè ṣe. "Pásítọ̀" kò sọ ọ́. Nínú ètò Áńgílíkà, ipele mẹ́ta péré ni ìfijoyè: díákónì, àlùfáà, bíṣọ́ọ̀bù. Ìwé Àdúrà ti 1662 ní kí díákónì tó ọdún 23, kí àlùfáà tó 24, kí bíṣọ́ọ̀bù tó 30, àti pé kí díákónì lo odindi ọdún kan kó tó di àlùfáà, àfi bí bíṣọ́ọ̀bù bá rí ìdí gidi. Wọ́n rí ìdí bẹ́ẹ̀ fún Crowther: June 1843 ni Bíṣọ́ọ̀bù London fi í jẹ díákónì, October ọdún yẹn ló sì di àlùfáà.

Ẹ wo ọwọ́ lọ́jọ́ ìfijoyè, ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé yín. Fún díákónì, bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń gbé ọwọ́ lé e lórí, Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n sì fún un. Fún àlùfáà, ẹni náà kúnlẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e, gbogbo àlùfáà tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n na ọwọ́ wọn bọ àárín ara wọn, títí orí rẹ̀ fi bọ́ sábẹ́ òkìtì ọwọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀ á gbé e lé èjìká ẹni tó dé ibẹ̀. Odindi Bíbélì ni wọ́n fún un. Stole, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń fi kọ́ra, tó fi dábùú láti èjìká òsì wá sí ìbàdí ọ̀tún nígbà tó jẹ́ díákónì, wọ́n á tú u, wọ́n á fi kọ́ ọ lọ́rùn kó sọ̀ sílẹ̀ níwájú ní tààrà lápá méjèèjì. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, wọ́n á tún fi òróró mímọ́ kùn ún látẹ́lẹwọ́, wọ́n á sì gbé àkàrà àti wáìnì lé e lọ́wọ́. Fún bíṣọ́ọ̀bù, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni yóò gbé ọwọ́ lé e, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta. Òfin Nicaea ni, ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní ọdún 325.

Kí ni àwọn ọwọ́ wọ̀nyí wá yí padà? Díákónì lè ka Ìwé Mímọ́, ó lè wàásù bí bíṣọ́ọ̀bù bá fún un láṣẹ, ó lè ṣe ìrìbọmi bí àlùfáà kò bá sí nítòsí, ó lè pín wáìnì. Kò lè ya àkàrà àti wáìnì sí mímọ́. Kò lè kéde ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé Àdúrà sọ ọ́ gbangba pé àlùfáà nìkan ni yóò kéde rẹ̀, lórí ìdúró, kí àwọn èèyàn ṣì wà lórí eékún. Bíṣọ́ọ̀bù sì máa ń fi díákónì síbi tí àlùfáà ti gbéra. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wáyé: ìjọ tẹ ìwé ètò Oúnjẹ Olúwa, wọ́n kọ "Pásítọ̀ ni olùdarí", kò sí ẹni tó béèrè irú pásítọ̀ tó jẹ́, tó bá sì di ìdajì ìsìn, ẹni tó dúró nídìí tábìlì kò lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n á máa sáré pe àlùfáà ìjọ kejì lórí fóònù. Bí ó bá jẹ́ "Díákónì" ni wọ́n kọ láti àárọ̀, akọ̀wé ìjọ ì bá ti rí i ní ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí a ti ń sọ nípa ipele, ẹ jọ̀ọ́, ìjọ kì í ṣe ààfin Olúbàdàn. Ní Ìbàdàn, a mọ bí èèyàn ṣe ń gòkè, láti Mọ́gàjí sí Jàgùn, títí dé Aṣípa, Òsì, Ọ̀tún, nítorí náà ojú tí a fi ń wo oyè ni a fi ń wo Canon àti Archdeacon. Kì í ṣe ipele tuntun. Kò sí ẹni tó tún gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Kanōn lédè Gíríìkì ni ọ̀pá ìwọ̀n, ó di ìlànà, ó di orúkọ tó wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Canon jẹ́ àlùfáà tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé yẹn. Archdeacon nígbà láéláé ni olórí àwọn díákónì, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ díákónì. Lónìí àlùfáà ni, iṣẹ́ àbójútó agbègbè ni bíṣọ́ọ̀bù fún un. Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ sì jẹ́ oyè ọlá fún ọmọ ìjọ, wọ́n yẹ ní ìyẹ́sí, àmọ́ kò yẹ kí orúkọ wọn ṣíwájú ti àlùfáà nínú ìwé ìsìn, bí ó ti wù kí owó tí wọ́n dá pọ̀ tó.

Nípa "Ẹni-Ọ̀wọ̀", reverendus ti Látìnì ni, ẹni tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ìyẹ́sí ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Nítorí náà ó lè ṣáájú orúkọ èèyàn, àmọ́ ẹ má tò wọ́n bí iṣu: "Ẹni-Ọ̀wọ̀ Àlùfáà Pásítọ̀ Lágbájá" kò fi kún ọ̀wọ̀ ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀wọ́ tirẹ̀: Venerable fún Archdeacon, Very Reverend fún Provost (àlùfáà tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bíṣọ́ọ̀bù), Right Reverend fún bíṣọ́ọ̀bù, Most Reverend fún bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Bí ẹ bá ń tú wọn sí Yorùbá, ẹ fi "Jùlọ" pa mọ́ fún ẹni tó kẹ́yìn. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti gba "Jùlọ", kí ni ẹ ó fún bíṣọ́ọ̀bù àgbà nígbà tó bá wá?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oyè kéré. Ní 1976, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà yí ìwé òfin wọn padà, wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù àti Patriarch rọ́pò Ààrẹ. Bolaji Idowu, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni Patriarch. Ìjọ náà pín sí méjì, àwọn tó gba ètò Patriarch àti àwọn tó di ti Ààrẹ mú, wọn kò sì parí ìjà náà títí di 1990. Lónìí, Prelate ni wọ́n ń pe olórí wọn. Ẹ̀yin kò yí ìwé òfin padà, pátákó lásán ni. A kàn ní kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn ni.

Tí ẹ bá gbà fún wa, ohun tí pátákó náà máa gbé nìyí. Ìlà kìíní, orúkọ ìjọ àti ọdún tí ẹ dá a sílẹ̀. Ìlà kejì, "Àlùfáà Ìjọ: Ẹni-Ọ̀wọ̀", kí orúkọ àbísọ àti ti ìdílé tẹ̀ lé e, torí orúkọ ìdílé nìkan lẹ́yìn Ẹni-Ọ̀wọ̀ kò pé. Bó bá jẹ́ díákónì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ kọ "Díákónì tó ń bójú tó ìjọ", kí ẹ fi orúkọ náà sí abala tí a lè yọ, kí ẹ má baà tún gbogbo rẹ̀ kùn ní ọdún tó ń bọ̀. Nínú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi, ẹ kọ "Ẹni tó ṣe ìrìbọmi" sí ibi ìbuwọ́lù, nítorí díákónì pẹ̀lú lè ṣe é, orúkọ oyè rẹ̀ á wà níwájú ti ara rẹ̀.

Ìwé àtijọ́ kọ ọ́ ní "alufa", òde òní kọ ọ́ ní "àlùfáà". Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ má fi èkíní sórí pátákó kí ẹ fi èkejì sínú lẹ́tà. Bí ẹ bá sì gbé iṣẹ́ náà lọ fún àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ má fi Word ránṣẹ́, kí ẹ sì ní kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró nínú kọ̀ǹpútà. Ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé lórí, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á ta àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó sọ ọ́ nù. "Àlùfáà" kò ní àmì ìsàlẹ̀, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan lórí bébà kí wọ́n tó gé lẹ́tà, kí ẹnì kan nínú yín sì fi ìka ka "Ẹni-Ọ̀wọ̀" ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àmì bá jábọ́, "Eni-Owo" ló máa kù, ẹni owó ni ẹni tó ń kọjá lọ á sì kà á sí.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,

Àwa díẹ̀ tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá àti ìmọ̀ ẹ̀sìn,
Ìbàdàn.